Ẹ Fi Akọ̀wé Àká Hàn Wá Kí Ẹ Tó Gbé Ọba Burúkú Jáde

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí àwọn ìtàn àròsọ tó ń sọ nípa ilẹ̀ ọba tí kò sí lórí máàpù kankan, ibi tí oṣó ti ń pàṣẹ fún ìjì, tí ọba apàṣẹwàá kan sì fún gbogbo ayé lọ́rùn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ lédè wa, ó sì yẹ kó máa pọ̀ sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé idà inú wọn mú, adé inú wọn ń dán, ṣùgbọ́n ìjọba inú wọn kì í ṣiṣẹ́. Ọba jókòó sórí ìtẹ́ tí wọ́n fi egungun ènìyàn kàn, ó ní ọmọ ogun 500,000, ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ á kú. Láti ojú ìwé kìíní títí dé ìparí, a ò rí ẹnì kan tó ń roko. A ò mọ ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, a ò mọ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ ọba kiri, a ò sì mọ ìdí tí ẹni tó mú idà lọ́wọ́ fi ń gbọ́ràn sí arúgbó tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Nígbà tó bá yá, ọmọkùnrin kan gún ọba pa, ìjọba sì tú ká lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìjọba aninilára kò lè fi ìkà ọba nìkan dúró. Orí ìṣirò ló dúró lé: iye ẹnu tó ń jẹun, iye ọkà tó wọ àká, iye ọjọ́ tí ìròyìn ń lò lọ́nà, àti iye ènìyàn kéékèèké tó ń rí nǹkan díẹ̀ jẹ lábẹ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá mọ akọ̀wé àká rẹ̀ dáadáa, tó mọ ohun tó ń jẹ, ohun tó ń jí àti ẹni tó ń bẹ̀rù, kò ní í ṣòro fún un láti mọ irú ọba tó wà lókè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilẹ̀ ọba kan láti ìpìlẹ̀, ká sọ ọ́ ní Ẹ̀yinná. Ènìyàn mílíọ̀nù 2 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìdílé 400,000 tí ènìyàn márùn-ún márùn-ún wà nínú wọn. Oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ ṣírò, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdílé kan ń ro hẹ́kítà 3. Láìsí ajílẹ̀ ìgbàlódé, ká ní hẹ́kítà kan ń mú 700 kìlò ọkà wá lọ́dún tí òjò rọ̀ dáadáa. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 2,100 kìlò. Ìdámárùn-ún rẹ̀, 420 kìlò, gbọ́dọ̀ padà sínú ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irúgbìn. Ènìyàn márùn-ún, tọmọdé tàgbà, á jẹ nǹkan bí 1,100. Eku, kòkòrò àti ọ̀rinrin á ba 210 jẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 370 kìlò. Bí ọba bá gba ìdámẹ́wàá ìkórè, 210 ti lọ, 160 ló kù fún iyọ̀, aṣọ, ìnáwó òkú àti ti ìgbéyàwó, àti fún ọdún tí òjò bá kọ̀. Ká wá ní ọba fẹ́ kọ́ ààfin tuntun, ó sì sọ ìdámẹ́wàá di ìdámárùn-ún. Ó gba 420. Ìdílé náà ti fi 50 kìlò wọ gbèsè láìtíì ra iyọ̀. Irúgbìn ni wọ́n á bù jẹ, lọ́dún kejì ilẹ̀ tí wọ́n á gbìn á dín kù, lọ́dún kẹta wọ́n á ta akọ màlúù tí wọ́n fi ń túlẹ̀, lọ́dún kẹrin wọ́n á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo ìkà tí òǹkọ̀wé ń wá kiri wà nínú ìyàtọ̀ láàárín ìdámẹ́wàá àti ìdámárùn-ún yẹn, kò tíì sí ẹni tó bẹ́ orí ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò yìí kan náà ló máa sọ iye ọmọ ogun tí ọba lè ní. Ká ní ìdílé 360,000 nínú 400,000 ló ń roko; ìdámẹ́wàá gbogbo wọn jẹ́ 75,600 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọmọ ogun Róòmù ń gba ọkà tó dín díẹ̀ ní kìlò kan lójúmọ́, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan á jẹ nǹkan bí 310 kìlò lọ́dún. Bí gbogbo ọkà yẹn bá dé àká ọba, á bọ́ bí 240,000 ẹnu. Ṣùgbọ́n kò lè dé tán. Àwọn tó ń gbà á á jẹ nínú rẹ̀, àwọn tó ń rù ú á jẹ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ á jẹ, eku náà á sì jẹ tirẹ̀. Bí ìdajì bá dé, ẹnu 120,000 ló kù, inú rẹ̀ sì ni akọ̀wé, aṣọ́bodè, ìránṣẹ́ àti gbogbo ará ààfin wà, tìyàwó tọmọ. Ọmọ ogun 30,000 ni Ẹ̀yinná lè bọ́ kí ó má fọ́. Ẹni tó fún ọba rẹ̀ ní 500,000 ti ní kí ó wá 155,000 tọ́ọ̀nù, ìlọ́po méjì gbogbo ìṣákọ́lẹ̀ ilẹ̀ náà, kí á tó sọ̀rọ̀ ẹṣin.

Ọkà tún ní ẹsẹ̀. Alárù ru 30 kìlò, ó ń rin 25 kìlómítà lójúmọ́, ó sì ń jẹ kìlò kan. Bí ibi tó ń lọ bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ 10, àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ á jẹ 20 kìlò, 10 péré ló máa sọ̀ kalẹ̀. Bó bá di ìrìn ọjọ́ 15, ìyẹn 375 kìlómítà, ọ̀fìfo ló gbé dé. Ìdí nìyí tí olú ìlú ńlá fi máa ń wá omi. Róòmù jẹ ọkà Íjíbítì àti ti Àríwá Áfíríkà nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ló kó o wá. Àwọn Inca tó jọba lórí òkè Andes kò ní ẹṣin, wọn kò ní kẹ̀kẹ́ ẹrù. Wọ́n wá kọ́ àká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà káàkiri ilẹ̀ wọn, kí oúnjẹ ti dúró de ọmọ ogun níbi tó bá dé. Òǹkọ̀wé tó bá gbé olú ìlú rẹ̀ sáàárín aṣálẹ̀, kó yáa sọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Ó di orí idán. Idán inú ìtàn gbọ́dọ̀ dà bí kànga nínú ọ̀dá: ó ní ibi tó ti ń sun, ó ní ìwọ̀n, ẹnì kan sì jókòó sẹ́nu rẹ̀. Idán tí kò ní ìwọ̀n kò lè gbé ìjọba ró, nítorí ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo kò nílò ọmọ ogun, kò nílò akọ̀wé, kò sì sí ìdí tó fi máa ní ìlú lábẹ́. Ní Ẹ̀yinná, ẹnikẹ́ni kò lè fi òkúta tàbí igi dá iná. Iná kan ṣoṣo ló wà, ìyá iná, nínú ààfin. Iná tí a bá mú lára rẹ̀ máa gbé ogójì ọjọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò níbẹ̀. Bó bá pé, á kú, kódà kí wọ́n to gbogbo igi inú igbó lé e. Àwọn alárù iná ń fi ìkòkò èédú gbé e káàkiri ilé iná 500, ìdílé 800 sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ se oúnjẹ, ẹni tó fẹ́ rọ ọkọ́, ẹni tó fẹ́ sun ìkòkò, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lóru òtútù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ ogójì ọjọ́ yẹn ṣe fúnra rẹ̀, láìsí pé òǹkọ̀wé fi nǹkan kún un. Ará olú ìlú ń gba iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ìyá, ó sì ní ogójì ọjọ́ gbáko. Ẹnubodè tó jìnnà tó 320 kìlómítà jẹ́ ìrìn ọjọ́ 13 fún alárù. Iná tó dé ibẹ̀ kò ní ju ọjọ́ 27 lọ mọ́. Ilé iná olú ìlú ń gba ogún ìdílé lójúmọ́. Ti ẹnubodè ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n. Àwọn tó jìnnà jù ló ń tò jù, iná tí kò tọ́jọ́ ni wọ́n sì ń fi ìṣákọ́lẹ̀ kan náà rà. Kò sí ẹni tó pète láti rẹ́ wọn jẹ. Ìkùnsínú á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìtàn náà ti rí ibi tí ọ̀tẹ̀ rẹ̀ á ti wá.

Báwo ni akọ̀wé ṣe ń mọ ẹni tó san? Igi ìṣírò ni. Wọ́n á gé ọ̀pá kékeré, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ìlà sí i lára ní ìbú, ìlà kan fún òṣùwọ̀n ọkà kan, lẹ́yìn náà wọ́n á la ọ̀pá náà sí méjì lóòró, kí gbogbo ìlà náà pín sára apá méjèèjì. Ìjọba mú apá kan, olóko mú èkejì. Bí olóko bá fi ìlà kan kún tirẹ̀ nílé, kò ní í bá ti ìjọba mu. Bí akọ̀wé bá yọ ìlà kúrò, kò ní í bá ti olóko mu. Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà lè fọwọ́ tọ́ ọ mọ̀. Ilé ìṣúra ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún títí di 1826. Nígbà tí wọ́n ń sun àwọn tó ti gbó lọ́dún 1834, iná náà ran ilé aṣòfin ní London, ó sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ojú fèrèsé ilé iná ní òwúrọ̀ kan. Olórí mẹ́wàá kan, ìyẹn ẹni tó ń ṣe olórí ìdílé mẹ́wàá, dé pẹ̀lú ìdì ọ̀pá mẹ́wàá, ọ̀kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìkòkò èédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé na ọwọ́ sókè, ó já ìdì tirẹ̀ sílẹ̀ lára okùn tó so mọ́ àjà. Ó mú apá kìíní, ó fi kan èkejì, ó fi àtàǹpàkò gba ojú ibi tí wọ́n ti pàdé láti òkè délẹ̀. Ó bára mu. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀kejì bára mu, ẹ̀kẹta náà. Nígbà tó di ìkẹsàn-án, àtàǹpàkò rẹ̀ dúró. Apá ti ìjọba ní ìlà mẹ́rin. Ti olóko ní márùn-ún. Kò pariwo. Kò béèrè ọ̀rọ̀. Ó kó gbogbo ìdì mẹ́wàá jọ, ó so ó padà, ó tì í gba ojú fèrèsé jáde, ó sì pe ẹni tó kàn. Ìdílé mẹ́wàá máa sùn lókùnkùn lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí òṣùwọ̀n ọkà kan. Ọmọ ogun tó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ wà ní ìrìn ọjọ́ méjì.

Ibi tí agbára wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé wa pẹ́ sí. Ọmọ ogun 30,000 kò lè ṣọ́ mílíọ̀nù 2. Àwọn aládùúgbò ló ń ṣọ́ ara wọn. Shang Yang ṣe òfin bẹ́ẹ̀ ní ìjọba Qin ní Ṣáínà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi: wọ́n to ìdílé ní márùn-ún márùn-ún àti ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò tó dákẹ́ jẹ nínú ìyà rẹ̀. Àwọn Inca náà to ìdílé ní mẹ́wàá, àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún, títí dé ẹgbàárùn-ún, olórí sì wà fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní Ẹ̀yinná, olórí mẹ́wàá jẹ́ 40,000. Iye wọn ju ti ọmọ ogun lọ. Owó oṣù wọn kò ju pé wọ́n bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ títún ọ̀nà ọba ṣe, tó ń gba ogún ọjọ́ lọ́dún lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ogún ọjọ́ yẹn tó. Ẹni tó rí i gbà kò ní í fẹ́ kó bọ́.

Ohun tó ń bàjẹ́ nínú ètò yìí, òun gan-an ló ń mú ìtàn dùn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá kò bá lè san, àwọn mẹ́sàn-án tó kù lè fi í sùn, wọ́n sì lè dá a pọ̀ san fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n á bínú, wọ́n á sì san. Ìgbà kẹta, wọ́n á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu pọ̀ purọ́: wọ́n á máa ka òkú mọ́ alààyè kí ìpín iná má bàa dín, wọ́n á máa fi oko kan pa mọ́ sẹ́yìn òkè. Ìwé ọba á mọ́ tónítóní, irọ́ ni yóò sì kún inú rẹ̀. Òfin tó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn ti kọ́ wọn bí a ti ń ṣọ̀kan.

Ọba máa wá olófòófó nígbà náà. Níhìn-ín náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Lọ́dún 1989, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stasi ní Ìlà Oòrùn Jámánì ní nǹkan bí òṣìṣẹ́ 91,000, àwọn olófòófó rẹ̀ lé ní 170,000, nínú ìlú tí kò ju mílíọ̀nù 16 àti díẹ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí olófòófó kan nínú 90 ènìyàn. Ní Ẹ̀yinná, á jẹ́ 22,000. Bí olúkúlùkù wọn bá mú ọ̀rọ̀ kan wá lóṣù, tí ìdámẹ́wàá péré tó ìwádìí, ẹjọ́ 2,200 ló délẹ̀. Bí ẹjọ́ kan bá gba ọkùnrin méjì fún ọjọ́ márùn-ún, ó ju 700 ọkùnrin lọ tí kò gbọdọ̀ níṣẹ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ ààlà oko, gbèsè àti owú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn náà máa jẹ́. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn, kó fi ìyẹn hàn: obìnrin tí wọ́n mú lóru kò ṣépè fún ọba, kànga rẹ̀ ló wu aládùúgbò. Ọ̀tẹ̀ tòótọ́ á kọjá láàárín òkìtì ẹ̀sùn, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ògiri létí, gbogbo ará Ẹ̀yinná ló mọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu wọn, ti ìta àti ti abẹ́ orùlé. Ọmọ ọdún márùn-ún ti mọ èyí tí wọn kì í sọ lójú fèrèsé ilé iná. Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lókè, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ ti ń pa ènìyàn lọ́pọ̀. Ajẹ́lẹ̀ tó bá kọ̀wé pé ìkórè kò dára máa pàdánù ipò rẹ̀; ó kọ̀wé pé ó dára. Ẹni tó wà lókè rẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Ní Ṣáínà lọ́dún 1958, bí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ṣe fi iye ìkórè gun orí ara wọn nìyẹn. Ìjọba gba ọkà bí ìwé ṣe wí, ìyàn tó tẹ̀ lé e títí di 1961 sì pa àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn. Ìbẹ̀rù náà máa padà dé orí ẹni tó dá a sílẹ̀. Nígbà tí Stalin, aláṣẹ ilẹ̀ Soviet, ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní March 1953, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò láyà láti wọlé láìjẹ́ pé ó pè wọ́n. Wákàtí púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó rí i, ó sì di ọjọ́ kejì kí dókítà tó dé.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo òǹkọ̀wé dáhùn rèé: kí ló dé tí àwọn ènìyàn ṣì wà níbẹ̀? Ìbẹ̀rù nìkan kò tó ìdáhùn. Lọ́dún ọ̀dá, ọba ṣí àká, wọ́n sì jẹun nígbà tí àwọn ará òkèèrè ń kú. Obìnrin lè ru ọjà rin ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin láìpàdé olè. Òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo ọjà ń lò. Nígbà tí ọba Qin kó gbogbo Ṣáínà jọ lọ́dún 221 ṣáájú ìbí Kristi, ó sọ òṣùwọ̀n di ọ̀kan, ó sì sọ ìbú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù pàápàá di ọ̀kan. Ìyá àgbà kan ní Ẹ̀yinná lè kórìíra ilé iná, kó sì máa dúpẹ́ nítorí àká. Ẹ jẹ́ kí òun náà sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní láárí. Ìtàn tí kò gbà pé ìjọba burúkú ń ṣe ohun kan tó dára kò lè jẹ́ kó yé wa bó ṣe pẹ́ tó.

Ọ̀nà àti ìròyìn. Àwọn asáré Inca tí wọ́n ń pè ní chasqui ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lójú ọ̀nà, ìròyìn sì lè rin nǹkan bí 240 kìlómítà lójúmọ́. Bí Ẹ̀yinná bá ní irú wọn, ìròyìn ọ̀tẹ̀ á ti ẹnubodè dé ààfin láàárín ọjọ́ méjì, ọmọ ogun á sì lo ọjọ́ 13 kí wọ́n tó débẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ ní ọjọ́ 15. Ọba lè fi ọmọ ogun sọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ ẹnubodè kí àlàfo yẹn lè dí, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ tó ní owó àti ọmọ ogun pa pọ̀ ti di ọba kejì. Xenophon, òǹkọ̀wé ará Gíríìsì àtijọ́, kọ ọ́ pé ní Páṣíà àtijọ́, ẹni tó ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń ṣàkóso ọmọ ogun inú odi ibẹ̀. Ọba pín in kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn. Ó dára fún ọba. Nígbà ogun ńkọ́? Àwọn méjèèjì á máa dúró de àṣẹ, wọ́n á sì máa kọ̀wé ẹ̀sùn nípa ara wọn nígbà tí ọ̀tá ń gun odi.

Àwọn oṣó tó ń tọ́jú ìyá iná ni ewu tó súnmọ́ ọba jù. Ẹni tó di iná mú, kí ló dé tí òun kò fi jọba? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba Róòmù béèrè ìbéèrè yẹn lọ́dún 193: wọ́n pa ọba wọn, Pertinax, wọ́n ta ipò ọba fún Didius Julianus tó fowó lé e jù, ọjọ́ 66 ni òun náà lò kí wọ́n tó pa á. Ìjọba Ottoman, ti àwọn ará Tọ́kì, gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n kó ọmọdékùnrin láti ìdílé Kristẹni ní òkèèrè, wọ́n tọ́ wọn di ọmọ ogun Janissary, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n má bàa ní ọmọ tí wọ́n máa fẹ́ jogún nǹkan fún. Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n láyè ìgbéyàwó tí ọmọ wọn sì ń wọ ẹgbẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ sultan, ìyẹn ọba Ottoman, lóyè, títí Mahmud Kejì fi pa ẹgbẹ́ náà rẹ́ lọ́dún 1826. Fún Ẹ̀yinná, èmi á pín ìmọ̀ náà sí mẹ́ta: ẹgbẹ́ kan mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí iná, èkejì mọ igi tó ń jẹ, ẹ̀kẹta mú kọ́kọ́rọ́, ẹgbẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ fẹ́yàwó nínú èkejì. Ìfẹ́ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ méjì níbẹ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán.

Lórí ìjọgún, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ọba tí kò bá sọ àrẹ̀mọ máa fi ogun sílẹ̀ lọ, èyí tó bá sì sọ ọ́ ti fún gbogbo ẹni tó ń bínú ní ibi tí wọ́n á kó jọ sí. Mehmed Kẹta gun orí ìtẹ́ Ottoman lọ́dún 1595, ó sì ní kí wọ́n pa arákùnrin rẹ̀ 19. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọmọ ọba mọ́lé dípò pípa wọn. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n wọ́n ń gorí ìtẹ́ láìmọ ohun kan nípa ìlú.

Bí ìjọba bẹ́ẹ̀ ṣe ń wó ni mo fẹ́ kí wọ́n tún kọ́. Sima Qian, akọ̀tàn ilẹ̀ Ṣáínà, kọ ọ́ pé lọ́dún 209 ṣáájú ìbí Kristi, Chen Sheng àti Wu Guang wà lára 900 ọkùnrin tí wọ́n ń kó lọ sí iṣẹ́ ìṣọ́ ẹnubodè nígbà tí òjò ba ọ̀nà jẹ́. Ó ní ikú ni ìjìyà ẹni tó bá pẹ́ dé. Ikú náà ni ìjìyà ọ̀tẹ̀. Wọ́n ṣírò ó, wọ́n sì ṣọ̀tẹ̀, láàárín ọdún mẹ́ta Qin kò sí mọ́. Ó jọ pé òfin náà le, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí èrè kankan mọ́ nínú ìgbọràn.

Ẹ gbé e wá sí Ẹ̀yinná. Odò kún, olórí mẹ́wàá kan lẹ́nubodè pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, òfin sì ní kí àwọn tó pẹ́ lo ogójì ọjọ́ láìríná. Àgbájọ ìdílé ogún ya wọ ilé iná, wọ́n gbà á. Ìṣẹ́gun wọn ní ọjọ́ orí: ọjọ́ 27, iná tó wà lọ́wọ́ wọn á kú, ọmọ ogun á sì ti dé ní ọjọ́ 15. Bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀, wọ́n ti kú. Bí wọ́n bá kọrí sí ààfin, odi ààfin nípọn ju agbára wọn. Ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí bá sọ̀rọ̀ ni alárù iná, ẹni tí òǹkọ̀wé kankan kì í fún lórúkọ, tí èjìká rẹ̀ ti bó láti ogún ọdún, tí gbogbo ilé iná ojú ọ̀nà mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tí alárù bá wà ni iná á máa lọ. Bí wọ́n bá borí, tí ọba kú, ilé iná 500 ṣì gbọ́dọ̀ ṣí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ìyá iná? Ta ló mọ bí ìdì ọ̀pá ṣe tò lára okùn? Àwọn ìránṣẹ́ ọba tó kú náà ni. Àwọn olùṣẹ́gun á ní láti bẹ̀ wọ́n, tàbí kí wọ́n fi ipá mú wọn, ohun tí wọ́n bá sì yàn níbẹ̀ ló máa sọ irú ìjọba tó ń bọ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gba irú ìtàn yìí fún títẹ̀ ní abala abala, ẹ ní kí òǹkọ̀wé fi ojú ìwé kan mọ́ ọn tí ẹ kò ní tẹ̀ jáde: iye ènìyàn ilẹ̀ náà, ohun tí ìdílé kan ń kórè àti iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iye ọjọ́ láti ẹnubodè dé ààfin, ìwọ̀n idán àti ẹni tó jókòó tì í, àti orúkọ akọ̀wé kan àti ohun tó ń jí. Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kéde rẹ̀ lójú ewé yìí kí àwọn tó ń kọ lọ́wọ́ lè tètè rí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín.